Okùn Abẹ́ Òkun àti Ìlú Àràròmí

Etí òkun ni ìlú Àràròmí wà, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bí ènìyàn bá dúró ní ibẹ̀ tí ó kọ ojú sí gúúsù, òkun Àtìláńtíìkì ni yóò máa wò títí tí ojú rẹ̀ kò fi ní í ríran mọ́; bí ó bá sì yí ẹ̀yìn padà, ọ̀sà, irà àti àwọn ọ̀nà omi tóóró ni yóò rí. Ẹja pípa àti òwò orí omi ni a fi mọ àwọn ènìyàn agbègbè náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í gbé etí odò kí a máa fi itọ́ bọ́jú. Ṣùgbọ́n ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, ó dà bí ẹni pé òwe yìí kò ṣẹ fún àwọn ará etí òkun. Okùn ńláńlá tí ń gbé ọ̀rọ̀ láti Yúróòpù wá sí Áfíríkà wà ní ìsàlẹ̀ òkun kan náà tí wọ́n ń dẹ àwọ̀n sí. Ọ̀kan nínú wọn gba abẹ́ omi láti Èkó lọ sí Douala ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Síbẹ̀, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ mọ èsì ìdánwò rẹ̀ lè gbé fóònù káàkiri kí ó tó rí ibi tí ẹ̀rọ náà yóò ti ṣiṣẹ́. Kí ni ó fa èyí? Báwo sì ni a ṣe ń mọ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì ìlú kan yá ju ti òmíràn lọ, tàbí pé ó wọ́n jù ú lọ?

Okùn abẹ́ òkun kì í ṣe ohun titun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1886 ni okùn wáyà kọ́kọ́ so Èkó pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù, tí ìròyìn tí ọkọ̀ ojú omi ń fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ gbé wá fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé láàárín wákàtí díẹ̀. Okùn ti òde òní yàtọ̀ sí ti ìgbà náà. Fọ́nrán dígí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí ni ó wà ní inú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni ó sì ń gba inú fọ́nrán náà kọjá bí iṣẹ́ tí a rán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, okùn kan ṣoṣo tí a ń pè ní SAT-3 ni Nàìjíríà gbára lé. Ní ọdún 2010 ni okùn MainOne gúnlẹ̀ sí Èkó láti ilẹ̀ Pọtogí, ìrìn tí ó tó nǹkan bí kìlómítà 7,000. Obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí ó jẹ́ ọmọ Ilé-Olújì ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Fúnkẹ́ Ọ̀pẹ́kẹ́, ni ó dá iléeṣẹ́ tí ó ta okùn náà sílẹ̀. Glo-1, WACS àti ACE náà tún wà. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, okùn Equiano ti iléeṣẹ́ Google gúnlẹ̀ sí Lómé ní ilẹ̀ Tógò. Ní oṣù kẹrin ọdún kan náà ni ó dé Èkó.

Nígbà tí okùn bá dé Èkó, ìrìn-àjò kò tíì parí. Ó di dandan kí a tún fa okùn mìíràn gba orí ilẹ̀ lọ sí àwọn ìlú, tàbí kí a gbé òpó gíga dúró tí yóò máa ju ọ̀rọ̀ láti ibì kan sí ibì kejì. Ibí yìí ni ìṣòro etí òkun Ìlàjẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ irà kò rọrùn láti gbẹ́ sin okùn. Òpó tí a bá gbé dúró níláti ní iná, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlú etí omi kì í rí iná ìjọba lò, èyí tí ó sọ epo ẹ̀rọ amúnáwá di ìnáwó ojoojúmọ́. Òkun pàápàá kì í dúró sí ojú kan: ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn Ìlàjẹ tẹ̀ dó ní ọdún 1947, omi ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Ní àfikún, àwọn oníbàárà kò pọ̀ ní ojú kan bí ti Èkó tàbí Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò a sì máa kọ́kọ́ lọ sí ibi tí ọjà wọn yóò ti tètè tà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ ìyára. Gbogbo ohun tí ó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, ìbáà ṣe ìwé, àwòrán tàbí ohùn, ni a ti pín sí àmì wẹ́wẹ́ tí a ń pè ní bíìtì. Mílíọ̀nù kan bíìtì ni ó ń jẹ́ mẹ́gábíìtì kan. Iye mẹ́gábíìtì tí ó bá kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni òṣùwọ̀n ìyára. Bíìtì mẹ́jọ ni ó wà nínú báìtì kan. Nítorí náà, fíìmù kan tí ó tóbi tó mẹ́gábáìtì 600 jẹ́ mẹ́gábíìtì 4,800. Bí ìyára bá jẹ́ mẹ́gábíìtì 1, ìṣẹ́jú 80 ni fíìmù náà yóò fi wọlé. Bí ó bá jẹ́ 10, ìṣẹ́jú 8 ni. Bí ó bá jẹ́ 25, yóò gba ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 12. Bí ó bá sì jẹ́ 100, ìṣẹ́jú-àáyá 48 péré ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà omi yóò tètè mọ̀ pé ẹ̀rọ tí ó wà ní ìdí ọkọ̀ nìkan kọ́ ni ó ń mú ọkọ̀ yá. Bí ọkọ̀ ogún bá fẹ́ gba ojú omi tóóró kan kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn ni yóò máa rọra lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òpó kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ní ìrọ̀lẹ́.

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni ó ń sọ ìyára tí ó tọ́ sí àwọn ará ìlú rẹ̀. Ní ọdún 2010, ilẹ̀ Finland fi òfin sọ íntánẹ́ẹ̀tì oní-mẹ́gábíìtì 1 di ẹ̀tọ́ olúkúlùkù, òun ni ó sì kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ayé. Ní ọdún 2020, ilẹ̀ Bìrìtéènì fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún 10. Amẹ́ríkà fi òṣùwọ̀n tirẹ̀ sí 25 ní ọdún 2015, ó sì gbé e sókè sí 100 ní ọdún 2024. Nàìjíríà náà ṣe ètò ní ọdún 2020 pé kí ó tó di ìparí ọdún 2025, ìyára níláti tó 25 ní ìlú ńlá, kí ó sì tó 10 ní ìgbèríko. Bí a bá fi ojú inú wò ó, a ó rí i pé ohun tí a là sílẹ̀ fún ìlú bí Àràròmí nínú ètò náà jẹ́ ìdá mẹ́wàá ohun tí Amẹ́ríkà ń pè ní íntánẹ́ẹ̀tì yíyára. Ètò tí a kọ sínú ìwé ni èyí sì jẹ́. Ohun tí ọwọ́ tẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ iye owó ni ó le jù láti fi wéra, nítorí pé ó rọrùn láti fi òṣùwọ̀n tí kò tọ́ wọ̀n ọ́n. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Iléeṣẹ́ Starlink, tí ń fi sátẹ́láìtì gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá láti ojú ọ̀run láìlo okùn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó kéde pé owó oṣooṣù yóò kúrò ní ₦38,000, yóò sì di ₦75,000. Àjọ tí ń ṣe àkóso ìbánisọ̀rọ̀, NCC, sọ pé òun kò fi ọwọ́ sí i, ìkéde náà sì dúró fún ìgbà díẹ̀. Nígbà náà, dọ́là kan tó nǹkan bí ₦1,600, nítorí náà ₦75,000 kò ju bí dọ́là 47 lọ. Ní Amẹ́ríkà, dọ́là 120 ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń san fún irú rẹ̀ ní oṣù kan ní ọdún náà. Ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ yóò sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ti Nàìjíríà pọ́ọ́kú ju ti Amẹ́ríkà lọ dáadáa.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe dọ́là ni òṣìṣẹ́ fi ń wọn agbára rẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ rẹ̀ ni. Owó iṣẹ́ tí ó kéré jù lọ tí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà là sílẹ̀ ni dọ́là 7.25 fún wákàtí kan. Ẹni tí ó ń gba èyí yóò fi wákàtí mẹ́tàdínlógún, ó dín díẹ̀, rí dọ́là 120. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì àti díẹ̀ ni. Ní Nàìjíríà, owó oṣù tí ó kéré jù lọ di ₦70,000 ní oṣù keje ọdún 2024. Ẹni tí ó ń gba èyí yóò ṣiṣẹ́ fún oṣù kan gbáko, kò sì ní í tíì pé ₦75,000, láìka owó tí yóò kọ́kọ́ fi ra ẹ̀rọ náà. Ohun tí ó dà bí ẹni pé ó pọ́ọ́kú ti di ohun tí ọwọ́ kò tó.

Nítorí irú èyí ni àjọ kan tí Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé gbé kalẹ̀ fi sọ ní ọdún 2018 pé kí ó tó di ọdún 2025, iye owó íntánẹ́ẹ̀tì tí ó kéré jù kò gbọdọ̀ ju ìdá 2 nínú 100 owó tí ń wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní orílẹ̀-èdè. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ₦70,000, ₦1,400 ni yóò jẹ́ ní oṣù kan. Ètò Nàìjíríà ti ọdún 2020 náà ní kí gígábáìtì kan má ṣe ju ₦390 lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC gbà fún àwọn iléeṣẹ́ fóònù kí wọ́n fi owó kún owó wọn tó ìdá 50 nínú 100.

Ìdí mìíràn tún wà tí kò fi yẹ kí ìlú kan gbára lé ọ̀nà kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Láti Gánà títí dé Nàìjíríà ni íntánẹ́ẹ̀tì ti dá gúdẹ́, ó sì gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí àtúnṣe tó parí. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì ni èyí. Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni gbogbo ọmọ tí ó bá fẹ́ wọ yunifásítì ti ń ṣe ìdánwò JAMB, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni a ti ń wo èsì ìdánwò WAEC. Ọmọ Àràròmí àti ọmọ Èkó ń dáhùn ìbéèrè kan náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà dé ibẹ̀.

Ìtàn Ìlàjẹ fúnra rẹ̀ kò ṣàìní ẹ̀kọ́ lórí èyí. Nígbà tí àwọn ará Ayétòrò tẹ ìlú wọn dó, wọ́n kó iṣẹ́ àti èrè wọn pọ̀, wọ́n sì fi àjùmọ̀ṣe ní iná mànàmáná tiwọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò tíì ní in. Bí ₦75,000 bá pọ̀ jù fún ilé kan, ₦3,000 ni yóò kan ilé kọ̀ọ̀kan bí ilé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bá dá a jọ fún ilé ẹ̀kọ́ kan tí gbogbo ọmọ wọn ń lọ. Èyí kò mú ojúṣe ìjọba kúrò; owó náà ṣì ju ₦1,400 lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ òṣùwọ̀n tí ó tọ́ ni ó lè mọ iye tí a fi rẹ́ ẹ jẹ, òun náà ni ó sì lè béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ láìṣì sọ.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó mú kí okùn tí ó dé Èkó má tètè dé Àràròmí? Dárúkọ ìdí mẹ́ta.
2. Ìwé kan tóbi tó mẹ́gábáìtì 150. Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó ni yóò fi wọlé bí ìyára bá jẹ́ mẹ́gábíìtì 10?
3. Kí ni ìdí tí fífi dọ́là nìkan wọn iye owó fi lè ṣi ènìyàn lọ́nà?
4. Ṣàlàyé bí òwe “Ọ̀nà kan kò wọ ọjà” ṣe bá ìṣẹ̀lẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2024 mu.
5. Kọ àròkọ kan lórí ohun kan tí ó wọ́n ní ìlú rẹ ju bí ó ti wọ́n ní ìlú mìíràn lọ, kí o sì sọ òṣùwọ̀n tí o fi mọ̀ bẹ́ẹ̀.