Wọ́n Gbé Mi Kúrò Nídìí Fayolíìnì

Accra ni mo ń gbé, níbi tí àwọn òbí mi ti ń ṣòwò. Fayolíìnì ni mo kọ́ láti kékeré. Nígbà tí mo wọ ẹgbẹ́ ọ̀kẹ́sítírà kan lọ́dún tó kọjá, olùdarí ní kí n lọ máa ta viola, torí pé èèyàn ò tó níbẹ̀. Ó ń dùn mí bí ẹni pé wọ́n já mi wálẹ̀. Owó ibẹ̀ ò tó nǹkan, màmá mi sì ní kí n wá bá àwọn jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Kí ni kí n ṣe?
Oníviola, Accra

Àbúrò mi, ẹnikẹ́ni ò já ọ wálẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, sopuránò ni gbogbo etí ń gbọ́, ṣùgbọ́n kí àwọn álítò má wá lọ́jọ́ Àìkú kan, ìjọ á mọ̀. Iṣẹ́ tí viola ń ṣe nìyẹn. Alto clef tí wọ́n fi ń kọ orin rẹ̀ ló ń lé ọ̀pọ̀ onífayolíìnì sá. Mú ìwé orin ìjọ, fi ọwọ́ ara rẹ da ìlà álítò kọ sí clef náà, kí o máa ta á láràárọ̀ títí ojú rẹ yóò fi mọ́ ọn.

Wá African Suite tí Fela Sowande, ọmọ Yorùbá bíi tìẹ, kọ ní 1944 fún àwọn ohun èlò olókùn. Ohùn orin Ephraim Amu, ọmọ Ghana, ló fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Viola ni kí o fetí sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Dvořák, ọmọ Czech tó wá di gbajúmọ̀ nídìí orin kíkọ sílẹ̀, ta viola nínú ọ̀kẹ́sítírà tíátà kan ní Prague láti 1862 sí 1871. Owó ibẹ̀ ò tó o, ló bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní piano mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú wọn ló padà fẹ́ (mi ò rán ọ níṣẹ́ yẹn o). Ìwọ náà, wá akẹ́kọ̀ọ́. Ọjọ́ Sátidé ni òkú àti ìgbéyàwó ní Accra, ẹlẹ́ni mẹ́rin olókùn tó bá fẹ́ lọ ṣeré níbẹ̀ á rí onífayolíìnì méjì kíákíá. Viola ni wọn óò máa wá kiri. Ojú rẹ sì gbọ́dọ̀ wà lára National Symphony Orchestra, tí ìjọba Nkrumah dá sílẹ̀ ní 1959, tí Philip Gbeho, ẹni tó ṣe ohùn orin orílẹ̀-èdè Ghana, darí.

Kí o tó fi owó tó bá wọlé ra aṣọ, ra àpótí viola tó dáa. Ọyẹ́ a máa gbẹ igi, èèkàn á máa yọ̀, pákó á sán. Inú mọ́tò tí oòrùn ń pa tún burú jù: gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ á rọ̀.

Má bá màmá rẹ jà. Bá wọn jókòó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí o kò bá ní ìdánrawò, kò sí ìtìjú níbẹ̀, kí o sì mú wọn lọ síbi tí ẹ ti ń ṣeré lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n má padà sídìí fayolíìnì. Fún viola ní ọdún 3 gbáko kí o tó tún kọ̀wé sí mi.