Ẹ̀kọ́ lórí Ẹ̀rọ Ìgékoríko Ẹ̀yìn Katakata: Bí A Ti Ń Tò Ó, àti Bí A Ti Ń Wá Àrùn Rẹ̀

Àwọn àgbà wí pé, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òwe yìí bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí ń lo ẹ̀rọ wí. Bí ẹ̀rọ ìgékoríko bá gé pápá ní págunpàgun, wọn a ní ó ti gbó. Wọn a ra bẹ́líìtì titun, wọn a sì pààrọ̀ irin tí kò ṣe nǹkan kan, nígbà tí ó jẹ́ pé ìdúró ẹ̀rọ náà nìkan ni kò tọ́. Ẹ̀rọ yìí ní ètò tí a fi ń wá àrùn rẹ̀: kí a kọ́kọ́ wo ìdúró rẹ̀, lẹ́yìn náà kí a wo abẹ rẹ̀, lẹ́yìn náà kí a wo ìyára rẹ̀, kí a tó mú owó jáde lápò. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣáájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyíinì ni ẹ̀mí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ náà.

Ẹ̀kọ́ yìí yẹ fún àwọn ará Mówè, Ìbafo àti Ìfọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Láti ìgbà tí a ti ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978, ilé ìjọsìn ńláńlá àti ilé ẹ̀kọ́ ti dìde lẹ́bàá rẹ̀ ní Mówè àti Ìbafo. Mountain Top University pàápàá wà ní Ìbafo láti ọdún 2015. Ìfọ̀ ní tirẹ̀ ti jẹ́ ìlú ojú irin láti ìgbà tí a ti ń la ojú irin láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, èyí tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Níbi tí pápá bá gbòòrò, àdá nìkan kò lè ká koríko rẹ̀. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, koríko a máa dàgbà lójoojúmọ́; pápá tí a bá sì pa tì a di ibùba ejò, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kì yóò sì rí ibi ṣeré.

I. OHUN TÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ JẸ́

Harry Ferguson, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ni ó gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1926 fún ọ̀nà tí a fi ń so irinṣẹ́ mọ́ ẹ̀yìn katakata ní ojú mẹ́ta: apá méjì ní ìsàlẹ̀, àti ọ̀pá kan ní òkè tí a lè yí kí ó gùn tàbí kí ó kúrú. Ọ̀nà yìí ni ó gbilẹ̀ títí di òní. Ẹ̀rọ ìgékoríko tí à ń sọ yìí ní ìbòrí irin fẹ̀ǹfẹ̀, abẹ mẹ́ta lábẹ́ rẹ̀ tí bẹ́líìtì ń yí, àti táyà kéékèèké mẹ́rin tí ó fi ń tẹ̀lé ilẹ̀. A kò ṣe é fún igbó tàbí igi wẹ́wẹ́. Pápá tí a ti ń tọ́jú tẹ́lẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀.

II. KÍ ỌWỌ́ TÓ KAN Ẹ̀RỌ

Irin gígùn kan, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣáàfù, ni ó ń gbé agbára láti ẹ̀yìn katakata wá sí orí ẹ̀rọ. A ṣe é kí ó máa yí ní ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí í ṣe ìgbà 9 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹni tí ó fa etí aṣọ kọ́ ọ tó ké "Yéè!", ó ti wé aṣọ àti apá pọ̀. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi agbádá tàbí aṣọ alápá gbàgìẹ̀ súnmọ́ ọn, kí ìbòrí ike tí ó yí ṣáàfù ká má sì ṣe fọ́ tàbí kí ó sọnù.

Kí a tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun lábẹ́ ẹ̀rọ, kí a pa ẹ́ńjìnì, kí a yọ kọ́kọ́rọ́ sí àpò, kí a sì dúró títí abẹ yóò fi dákẹ́, nítorí abẹ a máa yí fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti kú. Bí a bá ní láti wọ abẹ́ rẹ̀, kí a fi igi líle tàbí irin tí ó dúró ṣinṣin tì í. Kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀lé apá katakata nìkan: ọ́ìlì ni ó gbé apá náà sókè, bí ọ́ìlì bá sì jò, gbogbo irin náà yóò já lulẹ̀ lé ẹni náà lórí. Nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó sórí mádígáàdì, kí ọmọdé má sì sí ní pápá rárá; òkúta kan tí abẹ bá ta lè fọ́ ojú ẹni tí ó dúró lókèèrè.

III. ÌDÚRÓ Ẹ̀RỌ

Kí a gbé katakata sí orí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí ó tẹ́jú, kí a sì wo afẹ́fẹ́ inú táyà ẹ̀yìn méjèèjì bí ó bá dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé táyà kan tí ó rọ̀ ni ó mú kí ẹ̀rọ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí a sọ ẹ̀rọ kalẹ̀ kí ó dúró lórí táyà mẹ́rin tirẹ̀, kí a pa ẹ́ńjìnì bí a ti wí lókè, kí a wọ ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn, kí a sì mú tépù ìwọ̀n.

Ní àkọ́kọ́, kí a yí abẹ kí etí rẹ̀ kan kọjú sí ọ̀tún, kí èkejì kọjú sí òsì. Kí a wọn láti etí abẹ dé ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó yẹ kí wọ́n dọ́gba. Bí ìyàtọ̀ bá ju ìdá mẹ́jọ ínṣì kan lọ, kí a tún táyà kéékèèké wọ̀nyí tò, kí a sì wò bóyá apá ìsàlẹ̀ méjèèjì ti katakata wà ní ìwọ̀n kan náà.

Èkejì, kí a yí abẹ kí etí kan kọjú síwájú. Níhìn-ín kò yẹ kí wọ́n dọ́gba. Iwájú ni ó yẹ kí ó fi ìdá mẹ́rin ínṣì kan sí ìdajì ínṣì rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí: apá iwájú ni abẹ ti ń gé koríko. Bí ẹ̀yìn bá rẹlẹ̀ jù, abẹ yóò tún padà gé ohun tí ó ti gé. Ẹ̀rọ yóò máa mí gúlegúle, dísù yóò sì máa tán láìnídìí.

Ẹ̀kẹta, kí a sọ apá ìsàlẹ̀ katakata kalẹ̀ tó, kí ó lè jẹ́ pé táyà kéékèèké ni ó gbé ẹrù ẹ̀rọ nígbà iṣẹ́, kì í ṣe apá katakata. Bí a bá gbé e kọ́, kì yóò lè tẹ̀lé gegele àti kòtò ilẹ̀.

IV. ABẸ

Abẹ tí ó kú kì í gé koríko, ńṣe ni ó ń fà á ya. Ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ṣóńṣó orí koríko yóò pọ́n bí ẹni pé iná rà á. Kí a tú abẹ sílẹ̀, kí a pọ́n ọn ní ẹ̀gbẹ́ tí ó ti ní ojú tẹ́lẹ̀, ní bí ó ti dagun láti ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é. Lẹ́yìn náà kí a fi ihò àárín rẹ̀ kọ́ orí ìṣó lára ògiri. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá tẹ̀ wálẹ̀, ó wúwo jù. Kí a pọ́n ẹ̀gbẹ́ náà sí i títí méjèèjì yóò fi dọ́gba. Nígbà tí a bá ń dá a padà, kí ìyẹ́ tí ó tẹ̀ sókè lẹ́yìn abẹ kọjú sí ìbòrí, nítorí òun ni ó ń fẹ́ koríko nàró. Abẹ tí a dè ní ìdàkejì kì yóò gé nǹkan kan, bí ó tilẹ̀ mú.

Kí a má ṣe gbé abẹ tí ó ti sán tàbí tí ó ti ṣẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ ajórin kí ó jó o pọ̀. Irin tí a jó bẹ́ẹ̀ lè já nínú ìyípo, kí ó sì pa ènìyàn. Owó abẹ titun kò tó owó ẹ̀mí.

V. ÌYÁRA

Àwọn awakọ̀ kan a máa dín iná ẹ́ńjìnì kù láti fi ṣọ́ dísù ná. Èyí kò dára, nítorí nígbà tí ẹ́ńjìnì bá rọ̀, abẹ pẹ̀lú rọ̀, koríko a sì tẹ̀ láìgé. Jíà ni a fi ń dín ìrìn katakata kù, kì í ṣe iná. Kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnì yí dé ìwọ̀n tí ẹni tí ó ṣe katakata sàmì sí fún 540, kí a sì wa katakata lọ bí ẹni tí ń rìn jẹ́jẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kí a má sì gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga koríko lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá fẹ́ kí ó kù ní ínṣì 2, kí a gé e nígbà tí ó bá di ínṣì 3. Bí ó bá ti ga jù, kí a gbé ẹ̀rọ sókè fún ìgé àkọ́kọ́, kí a sì padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

VI. ÀMÌ ÀRÙN ÀTI ÌWÒSÀN RẸ̀

Bí ìlà koríko tí a kò gé bá kù láàárín ibi tí abẹ méjì ti pàdé: abẹ ti kú tàbí ó ti jẹ, ìrìn katakata yá jù, tàbí bẹ́líìtì ń yọ̀.

Bí pápá bá dà bí àkàsọ̀, tí ìlà kan ga ju èkejì lọ: ọ̀tún àti òsì kò dọ́gba. Kí a padà sí ẹ̀kọ́ kẹta.

Bí abẹ bá ń họ ilẹ̀ títí erùpẹ̀ fi hàn: a ti sọ ẹ̀rọ kalẹ̀ jù, tàbí a ń yí po lójijì lórí gegele.

Bí koríko bá dì pọ̀ lábẹ́ ìbòrí: ó tutù. Èyí wọ́pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ àbàtà tí omi ń dúró sí ní àkókò òjò. Kí a dúró kí oòrùn gbẹ ìrì, kí a sì máa ha abẹ́ ìbòrí lẹ́yìn iṣẹ́.

Bí bẹ́líìtì bá ń han, tàbí tí òórùn rọ́bà jíjó bá ń jáde: ó ti dẹ̀, ọ́ìlì ti kàn án, tàbí koríko ti há mọ́ púlì. Kí a nu púlì, kí a sì wo sípíríngì tí ń fà á le, kí a tó ra òmíràn.

Bí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n jìgìjìgì: kí a pa á lójú kan náà. Abẹ kan ti tẹ̀, tàbí kò dọ́gba, tàbí nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti tú, tàbí okùn ti wé mọ́ ọn. Bí gbogbo ìwọ̀nyí bá dára, bẹ́árìn ni kí a wò. Ẹni tí ó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ yóò fi àrùn kékeré ra àrùn ńlá.

VII. ÌTỌ́JÚ

Ní oṣù kejì, kí òjò tó dé, kí a pọ́n abẹ, kí a wo ọ́ìlì inú gíábọ́ọ̀sì, kí a sì fi gíríìsì sí gbogbo ibi tí ó yẹ. Ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, kí ẹnì kan kọ́kọ́ rin pápá náà já, kí ó ṣa òkúta, wáyà, ọ̀rá omi, àti ní pàtàkì okùn àti èèkàn irin tí àwọn tí ó pa àgọ́ ayẹyẹ fi sílẹ̀. Ìrìn ìdajì wákàtí yìí ń gba abẹ là, ó sì ń gba ojú là.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ohun mẹ́ta tí a gbọ́dọ̀ wò ní ẹsẹẹsẹ kí a tó ra nǹkan titun?
2. Èé ṣe tí kò yẹ kí a wọ abẹ́ ẹ̀rọ nígbà tí apá katakata nìkan gbé e dúró?
3. Èé ṣe tí iwájú abẹ fi gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ?
4. Báwo ni a ṣe ń fi ìṣó mọ̀ bí abẹ bá dọ́gba?
5. Kí ni ó yẹ kí awakọ̀ dín kù bí ó bá fẹ́ rìn jẹ́jẹ́: iná ni tàbí jíà?