Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́: Bí A Ṣe Ń Fi Awọ Bo Ara Inú Mọ́tò



Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti rí ilẹ̀kùn mọ́tò bàbá mi ní géètì, tí ẹ sì ń bi mí pé èló la san fún ẹni tó fi awọ bo ibi tí èèyàn ń gbé ọwọ́ lé. A ò san owó iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ṣe é nígbà ọlidé. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe ṣe é, kí n sì sọ ibi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ohun tó lè pa èèyàn nílé wa.

Awọ wo la máa lò? Awọ gidi yàtọ̀ sí réksìn. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ẹ̀yìn réksìn máa ń dà bí aṣọ híhun, torí aṣọ tí wọ́n fi rọ́bà bò lójú ni. Ẹ̀yìn awọ gidi á rí wúruwùru bí òwú. Iṣẹ́ awọ kì í ṣe àjèjì sí wa, ṣé ẹ mọ tìmùtìmù tí àwọn oníṣọ̀nà awọ ń ṣe ní Ọ̀yọ́? Awọ ewúrẹ́ ni mo rà, nítorí ó fẹ́lẹ́, ó sì rọ̀. Èyí tó nípọn tó mìlímítà 1 ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Bó bá ki jù bẹ́ẹ̀ lọ, igun rẹ̀ á wú, ike náà ò sì ní wọ àyè rẹ̀ mọ́.

Títú: Ẹ má fi sukudiráfà onírin yọ ike, á bó o lára. Ike pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ tó fà á, ẹ wá sukúrù tó fara pamọ́. Èmi ò wá a, kílíìpù kan sì dá mọ́ mi lọ́wọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Fífọ̀: Ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kí ẹ wá fi sáńdípépà ha á títí dídán ojú rẹ̀ á fi lọ. Ẹ fi súpírítì nù ún kẹ́yìn. Òróró tí wọ́n fi ń mú inú mọ́tò dán kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú.

Wíwọ̀n: Ibí yìí ni ìṣirò ti wúlò. Rúlà sọ fún mi pé ike náà gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30, ó sì fẹ̀ ní 8. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yọ gọngọ. Nígbà tí mo lẹ téèpù bébà mọ́ ọn láti etí kan dé èkejì, tí mo ṣí i, tí mo tún un wọ̀n, 10 ni fífẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe 8. Mo fi 2 kún etí kọ̀ọ̀kan fún èyí tí a máa ṣẹ́ sẹ́yìn. Ó wá di 34 sí 14. Ká ní rúlà nìkan ni mo gbọ́kàn lé ni, awọ mi ì bá kúrú.

Lílẹ̀: Gọ́ọ̀mù tí àwọn oníbàtà ń lò ni mo lò. Ẹ fi pa ẹ̀yìn awọ, ẹ fi pa ojú ike náà, fẹ́ẹ́rẹ́ ni o. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 10, títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́. Bí méjèèjì bá ti fi lè kan ara wọn, ó parí nìyẹn, torí náà àárín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ sí etí. Níbi tó bá ti tẹ̀, ẹ fi díráyà onídìrí mú awọ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ sì fà á. Bó bá gbóná jù, awọ á súnkì, á sì le. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí iná má sì sí nítòsí, nítorí òórùn gọ́ọ̀mù náà léwu, ó sì tètè máa ń gbiná.

Igun: Ẹ fi abẹfẹ́lẹ́ gé awọ tó bá pọ̀ jù níbi igun lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kí ọ̀bẹ yín dúró ní mìlímítà 3 sí etí tó hàn síta. Èmi gé e dé etí. Ẹ lọ wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì, ike ń yọjú níbẹ̀ títí dòní.

Nígbà tí mo parí ilẹ̀kùn, awọ ṣẹ́ kù. Mo ní kí n fi bo dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, kí n fi ya bàbá mi lẹ́nu. Mo ti gé e, mo ti ń ṣí gọ́ọ̀mù, nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan tó ń rán ìjókòó mọ́tò ládùúgbò wa kọjá.

Wọ́n ní, “Àbúrò, ka ohun tó wà lára ibẹ̀ yẹn fún mi.”

Mo kà á: SRS AIRBAG.

“Kí nìtumọ̀ ẹ̀?”

Mi ò lè dáhùn. Ẹ̀gbọ́n wá ṣàlàyé pé àpò kan wà lábẹ́ ibẹ̀ tó máa ń kún fún afẹ́fẹ́ bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan. Kì í tó ìdá kan nínú 10 ìṣẹ́jú àáyá tó fi ń jáde. Wọ́n ti ṣe ike ibẹ̀ kó lè ya fún un. Bí a bá lẹ awọ mọ́ ọn lójú, àpò náà lè má jáde lásìkò, tàbí kó gba ibi tí kò yẹ jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni àárín sítíárìn, àti ẹ̀gbẹ́ ìjókòó tí wọ́n bá kọ AIRBAG sí.

Ẹ̀rù bà mí. Ìyá mi ló máa ń jókòó síbẹ̀. Mo dé gọ́ọ̀mù náà padà. Awọ tó ṣẹ́ kù ni mo fi rán àpò bírò tí ẹ ń rí lórí tábìlì mi.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, iṣẹ́ yìí dùn, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi nǹkan bo ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó wà lára rẹ̀.

Ìbéèrè: Rúlà ní ike kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 25, ó fẹ̀ ní 6. Téèpù bébà ní fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 7. Bí a bá fi 2 kún etí kọ̀ọ̀kan, báwo ni awọ wa ṣe máa tóbi tó? Ẹ fi ìdáhùn sínú àpótí Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn kó tó di ọjọ́ Ẹtì.