Ohun Tí Wọ́n Ń Dù Lọ́jà

Bí ọjà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohun tí àwọn olówò ń dù ni ta ni yóò kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, iye owó ni wọ́n máa ń fi jà. Nígbà tí tolórí tẹlẹ́mù bá ti ní in tán, ìjà á kúrò lórí iye owó, á bọ́ sórí ẹni tí ọjà tirẹ̀ kì í já èèyàn kulẹ̀. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ti kógbá sílé. Ọ̀dọ́ tó ń kọ́ bí a ṣe ń yẹ ọjà wò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń dù lọ́wọ́. Ẹni tó bá fi "Ta ló tóbi jù?" bẹ̀rẹ̀ yóò mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀, kò sì ní rí ohun tó ń bọ̀.

Ọjà fóònù alágbèéká ní Nàìjíríà ló yẹ kí ọ̀dọ́ fi kọ́ ọ, nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló ti ṣojú ọ̀pọ̀ tó ṣì ń tajà lónìí. Kó tó di 2001, ìlà tẹlifóònù NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, tó ń ṣiṣẹ́ kò ju bíi 400,000 lọ ní orílẹ̀-èdè tó ní èèyàn tó lé ní 100 mílíọ̀nù. Ní oṣù Kíní ọdún 2001 ni NCC, àjọ tó ń darí ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ta ìwé àṣẹ fóònù alágbèéká GSM ní gbàǹjo, mílíọ̀nù 285 dọ́là fún ẹyọ kan. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ, ilé-iṣẹ́ Econet àti MTN ti ń ta síìmù. Síìmù kan ju 20,000 náírà lọ, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan tó 50 náírà, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń tò láti rà á. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé òpó nẹ́tíwọ̀kì dé ìlú kan ló ni ìlú náà. Ẹni tó bá wo ọ̀wọ́n yẹn nígbà náà, tó ní kò sí ìdíje, kò rí i rárá: ilẹ̀ ni wọ́n ń dù, owó kọ́.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2003 ni ilé-iṣẹ́ Glo dé. Títí di ìgbà yẹn, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré, owó ìṣẹ́jú kan gbáko ni wọ́n ń yọ. Glo ní iye ìṣẹ́jú àáyá tí oníbàárà bá lò ni kó san. Òpó rẹ̀ kò tíì tó ti àwọn tó ṣáájú, ṣùgbọ́n ibi tó ń dun oníbàárà gan-an ló gbá mú, kò sì pẹ́ tí àwọn yòókù fi tẹ̀lé e. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ pọ̀. Ẹni tuntun kì í sábà bá àgbà ọjà jà níbi tí àgbà ti lágbára. Ohun tí àgbà mọ̀ pé ó ń dun oníbàárà, tí kò fẹ́ fọwọ́ kàn nítorí èrè tó wà níbẹ̀, ni ẹni tuntun á gbà wọlé. Kí ọ̀dọ́ máa wá ibẹ̀ kí ẹni tuntun tó dé.

Bí iye owó ṣe ń wálẹ̀ ni àwọn kan ń ṣubú. Starcomms, Multilinks àti Visafone ń ta ìlà CDMA, irú ìlà mìíràn tí fóònù rẹ̀ so mọ́ ilé-iṣẹ́ tó tà á. Nígbà tí ìpè GSM náà ti rọ̀, kí ni oníbàárà tún fẹ́ fi fóònù tí kò lè gbé lọ síbòmíràn ṣe? MTN ló padà ra Visafone ní 2016. Etisalat, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, wọ gbèsè lọ́dọ̀ àwọn báǹkì, ó sì di 9mobile ní 2017. Ohun kan wà tí ọ̀dọ́ sábà máa ń ṣì kà níbí: ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ Econet ti jẹ́ Vmobile, Celtel àti Zain kó tó di Airtel ní 2010. Orúkọ ló ń yí, òpó kan náà ni. Ẹni tó bá ka orúkọ yóò rò pé ọ̀pọ̀ ló wọlé.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, NCC gba àwọn èèyàn láyè láti gbé nọ́ńbà wọn lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn. Lójú ìwé, ó yẹ kí oníbàárà máa ṣí kiri. Àwọn tó gbé e lọ kò pọ̀, nítorí pé fóònù oní-síìmù méjì ti wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Èèyàn kò ní láti kọ ọ̀kan sílẹ̀ kó tó mú èkejì. Nítorí náà, iye síìmù tí ilé-iṣẹ́ kan tà kọ́ ni iye èèyàn tó fọkàn tán an.

Ibi tó yẹ kí ọ̀dọ́ ti ṣọ́ra jù ni pé ọjà kan náà kì í dàgbà bákan náà níbi gbogbo. Bí wọ́n bá ń jà lórí dátà ọ̀fẹ́ l'Ékòó, kò túmọ̀ sí pé ìjà kan náà ni wọ́n ń jà ní Àwóyè, létí òkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀, tí ilé dúró lórí òpó igi, tó sì jẹ́ pé ojú omi ni èrò àti ẹrù ń gbà. Gbígbé òpó nẹ́tíwọ̀kì dúró nírú ibẹ̀, àti gbígbé dísù tí ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀ ń lò dé ìdí rẹ̀, ń ná ilé-iṣẹ́ lówó ju ti orí ilẹ̀ lọ. Ta ni yóò fẹ́ ṣe é fún oníbàárà tí kò pọ̀? Ẹ̀dínwó kò wúlò fún ẹni tí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ kò wọlé. Ní irú etíkun bẹ́ẹ̀, ìjà àkọ́kọ́, ìjà gbígbé e dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, kò tíì parí, bí ó tilẹ̀ ti parí ní Àkúrẹ́.

Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ mọ bí ọjà ṣe rí níbẹ̀, kó lọ jókòó sí èbúté, kó máa wo ọwọ́ àwọn èèyàn. Obìnrin tó ń fi edé gbígbẹ ránṣẹ́ sí Igbókòdá kì í fẹ́ kí ọkọ̀ gbéra kí alẹ́ẹ̀tì owó rẹ̀ tó wọlé. Kí ọ̀dọ́ bi í léèrè síìmù wo ló fi ń gba alẹ́ẹ̀tì, síìmù wo ló fi ń pe ọmọ tó wà l'Ékòó, èwo ni yóò fi sílẹ̀ bí ó bá di dandan kó mú ẹyọ kan. Kó tún bi oníríchájì nípa káàdì tó kọ́kọ́ ń tán. Ìdáhùn wọn yóò sọ ohun tí wọ́n ń dù níbẹ̀ ju ìwé ìròyìn ọdọọdún ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí lọ.

Nígbà tí ọjà bá gbó, àmì méjì ló máa ń yọ. Èkíní ni pé owó á tún bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Ní oṣù Kíní ọdún 2025, NCC fọwọ́ sí i kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún iye owó wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ ní ìnáwó àwọn ti ga jù, òótọ́ sì ni pé náírà ti já wálẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí oníbàárà bá ti rí ibòmíràn yà sí, ẹni tó bá fi owó lé ọjà lórí tó bẹ́ẹ̀ yóò pàdánù rẹ̀. Èkejì ni pé àwọn olówò á ré kọjá sínú ọjà ẹlòmíràn. MTN bẹ̀rẹ̀ báǹkì MoMo ní 2022, nígbà tí OPay, ilé-iṣẹ́ ìfowóránṣẹ́ tó dé ní 2018, ti ń bá àwọn báǹkì du oníbàárà nípasẹ̀ àwọn oní-POS. Nítorí náà, ọ̀dọ́ tó ń ka ẹni tó ń bá MTN díje gbọ́dọ̀ ka OPay mọ́ ọn, bí OPay kò tilẹ̀ ní òpó kan ṣoṣo. Lójú obìnrin tó ń fi edé ránṣẹ́ yẹn, owó iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń dù, ẹni tí alẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá sì tètè wọlé ni yóò gbà á.