Gààrí, Ṣúgà àti Data Mining

Ká mú ilé ìtajà kan n'Ìkọ̀lé-Èkìtì, nítòsí ọgbà Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọ̀yẹ́ tó wà níbẹ̀. Ohun gbogbo tí akẹ́kọ̀ọ́ bá rà ń wọ inú kọ̀ǹpútà. Kò ní pẹ́ tí àkọsílẹ̀ náà yóò fi pọ̀ ju ohun tí ojú lè kà tán. Iṣẹ́ tí a fi ń wá ohun tó fara sin sínú rẹ̀ ni à ń pè ní data mining.

Ìfọ̀mọ́ ló ṣáájú. Ẹnì kan lè tẹ "gààrí", ẹlòmíràn "gari". Kọ̀ǹpútà yóò kà wọ́n sí ọjà méjì. A ó sọ wọ́n di ọ̀kan, a ó sì yọ rìsíìtì tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì kúrò.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Ká ní rìsíìtì 100 ló wà. Gààrí wà nínú 40. Ṣúgà wà nínú 30 lára 40 yẹn. A jẹ́ pé nínú ẹni mẹ́rin tó ra gààrí, mẹ́ta ló ra ṣúgà. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Nínú gbogbo 100, mélòó ló ní ṣúgà? Bó bá jẹ́ 75, a ò tíì rí nǹkan kan: gààrí wà o, kò sí o, bákan náà ni wọ́n ń ra ṣúgà. Bó bá jẹ́ 35, ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀, ẹni tó ń kó ọjà sórí àtẹ sì lè gbé méjèèjì súnmọ́ra.

Bí rìsíìtì bá wá di mílíọ̀nù ńkọ́? Lọ́dún 1994, Rakesh Agrawal àti Ramakrishnan Srikant gbé ọgbọ́n Apriori jáde: ọjà tí kì í sábà tà, àkójọ yòówù tí ọjà náà bá wà nínú rẹ̀ kò lè wọ́pọ̀, nítorí náà, kí kọ̀ǹpútà má wulẹ̀ kà á.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní ilé ìwòsàn ńlá bíi ti Ìdó-Èkìtì, a lè fi àkọsílẹ̀ àwọn tí a ti mọ àìsàn wọn kọ́ kọ̀ǹpútà, kó lè dábàá ohun tó ṣeé ṣe kó máa ṣe aláìsàn tuntun. Dókítà ni yóò dájọ́. A tún lè ní kó pín àwọn oníbàárà tó jọra sí ọ̀wọ́, láìsọ orúkọ ọ̀wọ́ kankan fún un ṣáájú. Báńkì ní tiwọn ń fi data mining ṣọ́ owó tó jáde lọ́nà tí kò bá ìṣe oníbàárà mu, kí wọ́n lè tètè fura sí olè.

Àmọ́ pé nǹkan méjì ń rìn pọ̀ kò sọ pé ọ̀kan ló fa èkejì. Àkọsílẹ̀ ìlera kì í sì í ṣe ohun àmúṣeré: òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún un ní ààbò pàtàkì.

Ẹni tó bá sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà ti rí i, ẹ bi í léèrè: mélòó nínú mélòó?