TA NI Ó NI Ẹ̀RÍN NÁÀ?

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ẹ̀rín nínú ilé tí a ti rí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tirẹ̀: ẹni tó ní ọ́tísíìmù, ẹni tí lẹ́tà ń dàrú mọ́ lójú bó bá ń kàwé, ẹni tí kò lè jókòó sójú kan.

Nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, "olódo" tàbí "alágídí" ni wọ́n sábà máa ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1943 ni Dókítà Leo Kanner ti kọ̀wé ní Amẹ́ríkà nípa àwọn ọmọ 11 tó ní ọ́tísíìmù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lónìí, a ti rí ibi ìkọ́ni fún wọn nítòsí: Patrick Speech and Languages Centre ní Ìkẹjà, tí Arábìnrin Dotun Akande, ìyá tí ọmọ tirẹ̀ ní ọ́tísíìmù, dá sílẹ̀ ní 2006. A bí i mọ́ wọn ni. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ràn.

Dókítà mìíràn, Hans Asperger ní Vienna, sọ ní 1944 pé irú àwọn ọmọ yìí kò mọ ẹ̀fẹ̀. Àwa ò gbà. Ẹni tó bá bá wọn gbé ní Agége fún ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo kò ní gbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba ọ̀rọ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu gan-an, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí. Ààbọ̀ tí ẹ bá sọ fún tiwọn, ààbọ̀ náà ni wọ́n á dá padà fún yín. Ẹ kí i pé "Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o!", á ní "Rárá o, mà, ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni", yóò sì pé géérégé. Ẹ ní "Mò ń bọ̀", kí ẹ sì gba ẹnu ọ̀nà jáde, á béèrè ìdí tí ẹni tó ń bọ̀ fi ń lọ. Aládùúgbò tó ń jẹ ẹ̀bà ní "Wá jẹun". Dípò kó dáhùn pé "Á gba ibi ire", ọmọ ti fọwọ́, ó ti jókòó ti abọ́. (Nínú àwọn méjèèjì, ẹ sọ ẹni tó sọ òótọ́ fún wa.)

Kọ́ńdọ́kítọ̀ ní Pen Cinema ń pariwo pé "Ó ku ẹnìkan ṣoṣo!" Ọmọ náà ka àga: "Bùrọ̀dá, ó ku márùn-ún." Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ọmọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, nítorí kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Bí ẹnikẹ́ni ò bá ṣàlàyé, ohun tí yóò gbé lọ sílé ni pé òun ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè sọ ọ́ sí i létí pé: "Òótọ́ lo sọ. Gbogbo wa la rí i, ìwọ nìkan lo sọ ọ́."

Ọmọbìnrin kan wà tí a mọ̀, ó ń di páálí nílé iṣẹ́ kan lọ́nà Ọba Akran. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀gá ní kó fojú sí iṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ojú lé páálí. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ìgbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan jókòó tì í, tó ṣàlàyé ohun tí ọ̀gá ní lọ́kàn, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ní báyìí, bí ọ̀gá bá ti pariwo "Ẹ fojú sí i!", òun ni yóò tètè bẹ̀rẹ̀, tí yóò gbé ojú lé páálí, ọ̀gá pàápàá á gbàgbé ohun tó ń bínú sí. Ohun kan náà ló ṣe lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ẹni tó ni ẹ̀rín ló yí padà.

A ti rí àwọn àgbà tí ń sín irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ lẹ́yìn ìsìn, bó ṣe ń fọwọ́ di etí nígbà tí ìlù bá dún. Wọ́n ní eré ni. Kí wọ́n wo ojú ọmọ náà.

Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, kí ìyá tó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ ohun kan tó pa òun àti ọmọ náà lẹ́rìn-ín pọ̀. Kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà bóyá kí àwa náà gbọ́.