Kókó Inú Ọmú Tí Kì Í Dunni

Ẹni tí eyín ń dùn kì í dúró kí a tó lé òun lọ sí ilé ìwòsàn. Ìrora ni ó ń rán wa lọ bá oníṣègùn, àṣà yìí gan-an ni jẹjẹrẹ ọmú sì fi ń rí obìnrin mú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í sábà dunni rárá. Kókó kékeré kan ni yóò le sínú ọmú bí èkùrọ́. Obìnrin náà yóò fọwọ́ kàn án níbi tí ó ti ń wẹ̀, yóò ní, "Kò kúkú dùn mí," yóò sì gba ọjà rẹ̀ lọ. Nígbà tí egbò bá yọ, tí ìrora sì dé, àrùn náà lè ti dé abíyá, eegun tàbí ẹ̀dọ̀fóró.

Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wí, mílíọ̀nù 2.3 obìnrin ni a rí àrùn yìí lára wọn ní 2022. 670,000 ènìyàn ni ó sì pa ní ọdún náà. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń ṣe ni kò tíì pé ẹni 50 ọdún.

A kò wí èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú kókó ọmú kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán kò lè mọ ìyàtọ̀. Dókítà ni yóò fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Irọ́ ni pé abẹ́rẹ́ yìí ń tan àrùn náà ká. Irọ́ sì ni pé owó tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń kì bọ inú kọ́mú ni ó ń fà á.

Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2018, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé wà lára àwọn tí ó ṣe é, yẹ obìnrin 1,136 tí ó ní àrùn náà wò ní Ìbàdàn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́jọ ni ó jogún rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ogún náà sì lè ti ọ̀dọ̀ baba wá. Àwọn yòókù kò jogún irú rẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé kò sí ní ìdílé òun.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn nǹkan oṣù, kí obìnrin dúró níwájú dígí. Kí ó wò ó bóyá awọ ibì kan jìn wọnú tàbí ó rí bí èèpo ọsàn, bóyá orí ọmú ti wọlé, tàbí ẹ̀jẹ̀ ń ti ibẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà kí ó dùbúlẹ̀, kí ó gbé apá kan sẹ́yìn orí, kí ó tẹ́ ìka mẹ́ta ọwọ́ kejì pẹrẹsẹ, kí ó sì fi wọ́n tẹ ọmú náà yíká títí dé abíyá. Ìyá tí ó ń fún ọmọ lọ́mú náà kò gbọdọ̀ máa ka kókó tí kò lọ sí wàrà.

Èyí kò rọ́pò iṣẹ́ dókítà. Ẹni tí ó bá ti pé 40 ọdún, kí ó béèrè nípa àwòrán ọmú tí ẹ̀rọ mamógíráàmù ń yà, nítorí ó lè fi kókó tí ọwọ́ kò tíì lè bà hàn. Ẹni tí ìyá tàbí arábìnrin rẹ̀ bá ti ṣe é rí, kí ó má dúró di ìgbà náà.

Fífún ọmọ lọ́mú pẹ́, yíyẹra fún ọtí, àti àìsanra jù ń dín ewu rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n wọn kò lé e jìnnà pátápátá.

Ẹ̀yin ọkọ, ọ̀pọ̀ obìnrin ń fi kókó pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù pé a ó gé ọmú, ọkọ yóò sì kọ òun. Kókó tí a bá tètè rí, a sábà máa ń lè yọ ọ́ láìgé ọmú náà. Bí aya yín bá sọ fún yín, ẹ bá a lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an.